Ẹ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: bí pàǹtí ilé ṣe lè dín kù kí owó sì ṣẹ́kù sápò

Kò sí nǹkan kan nínú garawa pàǹtí yín lónìí tí ẹ kò fowó rà. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ọjà wà nínú iye tí ẹ san, ewébẹ̀ tó rà wà níbẹ̀, bàtà tí àtẹ́lẹ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣí lẹ́yìn oṣù méjì náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ya ọ̀rọ̀ pàǹtí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìṣọ́wóná. Ẹni tó ń da nǹkan púpọ̀ nù, ó ti ra púpọ̀ jù, tàbí kó jẹ́ pé ohun tí kò tọ́ ló ń rà. Ẹ̀yìn ilé kọ́ la ti ń tún un ṣe, ẹnu ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wọlé ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ahun nítorí rẹ̀. Ahun a máa febi pa ara rẹ̀ nítorí owó tí kò ní ná láéláé. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná kàn fẹ́ kí ohun tó rà ṣe iṣẹ́ tó torí rẹ̀ rà á ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí ẹ ń jù nù

Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa pàǹtí, kí ẹ so bíírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ju nǹkan nù, kó kọ ohun tó jù àti ìdí tó fi jù ú. Irú ohun tí ẹ máa bá lórí bébà náà nìyí: “Búrẹ́dì ààbọ̀, ó ti bu.” “Ìrẹsì, kò sẹ́ni tó rántí pé ó wà níbẹ̀.” “Tòmátò mẹ́rin, ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wà.” “Ike omi mẹ́ta.”

Ìdí yẹn ni ká tẹjú mọ́. “Ó ti bu” ń sọ fún yín pé ìtọ́jú ló kù díẹ̀ káàtó. “A ò fẹ́ràn rẹ̀” ń sọ pé ọjà rírà ni àṣìṣe wà. “A sè é jù” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Oògùn kan ò lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sì fi bébà náà dá ọmọ lẹ́jọ́ o. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀, kọ̀rọ̀ ni wọ́n á ti máa da nǹkan nù, ẹ ò sì ní mọ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ wọn pàǹtí náà. Bí ìwọ̀n tí èèyàn ń gùn bá wà nílé, ẹ gùn ún pẹ̀lú ọ̀rá pàǹtí lọ́wọ́, kí ẹ tún gùn ún lọ́wọ́ òfìfo. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìwọ̀n pàǹtí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ike àti ọ̀rá ló ń gba àyè jù, àmọ́ oúnjẹ ló ń wúwo jù, òun náà ló sì ń jẹ owó jù. UNEP, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣírò rẹ̀ pé oúnjẹ tó ṣòfò kárí ayé lọ́dún 2022 tó bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló wá láti inú ilé àwọn èèyàn. Ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ló pín ìyókù. Bí a bá pín ti inú ilé yẹn láàárín gbogbo ẹ̀dá, kílò 79 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ìyẹn sì lé díẹ̀ ní gíráàmù 200 lójoojúmọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tó ń ṣàníyàn lórí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ohun mímu, tí odindi ìkòkò ọbẹ̀ sì ń kan lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Kí ẹ tó jáde lọ rajà, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àti fíríìjì, kí ẹ fi fóònù ya inú wọn. Ó yá ju kí èèyàn máa kọ ọ́ lọ, ẹ ó sì lè wò ó níwájú àtẹ nígbà tí ọkàn bá ń sọ pé “àbí iyọ̀ ti tán?” Lẹ́yìn náà, orúkọ oúnjẹ tí ẹ máa sè ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó kọ orúkọ ọjà. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Àjẹkù ló ni àwọn ọjọ́ tó kù, àti ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ yín tí ẹ ò fẹ́ dáná. Ètò ọjọ́ méjèèje tó kún fọ́fọ́ ni mo rí tó ń bàjẹ́ jù. Ẹ má sì lọ rajà pẹ̀lú ebi.

Ẹ ṣọ́ra fún “ra púpọ̀ kó dínwó.” Ká ní àpò ńlá kan jẹ́ ìlọ́po méjì àpò kékeré, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ó dà bí èrè. Ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ bá bàjẹ́, ohun tó kù fún yín jẹ́ àpò kékeré kan àti ààbọ̀, ní iye àpò kékeré kan àti ààbọ̀ gan-an. Èrè ti wọmi. Torí náà, ohun tí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀ ni ká rà lọ́pọ̀: ọṣẹ, ìrẹsì, ẹ̀wà gbígbẹ, iyọ̀. Ewébẹ̀ àti èso, ìwọ̀nba ni.

Ní ti ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó wù yín sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí oṣù kan kọjá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ẹ ó ti gbàgbé. Èyí tí ẹ bá ṣì ń wá lẹ́yìn oṣù náà, ẹ béèrè bóyá ẹnì kan lè yá yín: àkàbà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri, ìkòkò ńlá fún àlejò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àlòkù tó dára. Tuntun ló gbẹ̀yìn.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú níbí. Àwọn kan á pinnu pé àwọn fẹ́ gbé ìgbé ayé aláìnípàǹtí, wọ́n á wá da gbogbo ike ilé nù, wọ́n á ra ìgò olówó gọbọi àti ogún àpò aṣọ. Pàǹtí tuntun nìyẹn! Ìgò tí jáàmù wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè gba ẹ̀wà. Ike tó wà nílé, ẹ lò ó títí yóò fi gbó. Omi púpọ̀ ni wọ́n fi ń gbin òwú, nítorí náà àpò aṣọ kan ní láti jáde lọ sọ́jà lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà kó tó sàn ju ọ̀rá tó rọ́pò lọ. Méjì tàbí mẹ́ta tó wà nínú báàgì yín nígbà gbogbo wúlò ju ogún tó rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ilé ìdáná

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni owó wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú fíríìjì. Ó yẹ kí inú rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 4 Sẹ́síọ́ọ̀sì tàbí kó tutù díẹ̀ sí i. Firísà, 18 sí ìsàlẹ̀ òdo. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnnì fíríìjì kì í ṣe ìwọ̀n òtútù. Ẹ ki tẹmómítà sínú ife omi, ẹ gbé e sí àárín fíríìjì di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wá wò ó. Ara ilẹ̀kùn ló ń móoru jù nítorí ṣíṣí àti pípadé, torí náà mílíìkì kì í ṣe ará ibẹ̀. Ẹ kó ata inú ìgò àti irú wọn síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹran tútù àti ẹja ń gbé, nínú abọ́, kí omi ara wọn má bàa kán sórí nǹkan míì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ níbi tí ojú ti lè tètè rí i, kí ẹ kọ “Ẹ kọ́kọ́ jẹ mí” sí i. Gbogbo ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ, ibẹ̀ ni: àlùbọ́sà tí a gé kù, ọbẹ̀ tó kù, èso tó ti ń rọ̀. Ẹni tí ebi bá ń pa, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ wá nǹkan. Kò gba owó, kò gba ọgbọ́n, kò sì sí ohun tó dín bébà ara ògiri kù tó o. Bí ọjà tuntun bá dé, ẹ ti ti àtijọ́ sí iwájú kí ẹ tó gbé tuntun sẹ́yìn.

Ẹ mọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jọ gbé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ápù, píà àti tòmátò ń tú gáàsì kan jáde bí wọ́n ṣe ń pọ́n, ethylene ni wọ́n ń pè é, gáàsì yìí á sì mú kí ewébẹ̀ tó wà nítòsí tètè pọ́n kó sì rọ. Ẹ yà wọ́n. Ẹ ya pòtétò náà kúrò lọ́dọ̀ àlùbọ́sà, kí ẹ sì fi pòtétò síbi tó ṣókùnkùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé, èròjà olóró a sì máa pọ̀ nínú èyí tó bá ti di bẹ́ẹ̀. Ewébẹ̀ kì í fẹ́ omi lójú ewé: ẹ gbọn omi ara rẹ̀ nù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ wé e kó tó wọ fíríìjì.

Búrẹ́dì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e sínú fíríìjì, ibẹ̀ ló sì ti ń tètè le jù. Èyí tí ẹ máa jẹ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ fi síta nínú ohun tó bò ó. Ìyókù, ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ kó o sínú firísà, kí ẹ máa yọ iye tí ẹ fẹ́. Èyí tó ti le ṣùgbọ́n tí kò bu, ẹ yan án kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, á wúlò fún ẹran tàbí ẹja tí ẹ fẹ́ dín. Èyí tó bá bu, odindi rẹ̀ ni kó lọ. Ohun tó rọ̀ bíi búrẹ́dì kì í jẹ́ ká rí ibi tí èébu náà wọ̀ dé. Kárọ́ọ̀tì àti wàràkàṣì tó le ṣeé gé ní tiwọn, bí ẹ bá gé e jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ sí ibi tó bu.

Ọjọ́ tó wà lára páálí jẹ́ oríṣi méjì. Níbi tí wọ́n bá kọ “use by” sí, ọ̀rọ̀ ààbò ni: bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ má jẹ ẹ́. “Best before” ń sọ̀rọ̀ adùn lásán. Ìrẹsì, bisikíìtì tàbí ọjà inú agolo tó ti kọjá ọjọ́ yẹn kò tíì di májèlé. Ẹ wò ó, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò. Agolo tó bá wú tàbí tó ń jò nìkan ni kò ní àwíjàre kankan.

Ó wá ku àjẹkù, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka, torí pé ìṣọ́wóná tó gbéni dé ọ̀dọ̀ dókítà, owó ló tún ń jẹ. Oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 lọ, wákàtí kan. Ẹ má gbé odindi ìkòkò tó gbóná wọ fíríìjì, àárín rẹ̀ á pẹ́ kó tó tutù. Ẹ pín in sínú abọ́ tí kò jìn. Ìrẹsì ló ń tan èèyàn jẹ jù: kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus lè la iná já, bí ìrẹsì náà bá sì pẹ́ níta, á tu oró tí gbígbóná kò lè pa mọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà, kíákíá ni kí ìrẹsì wọ òtútù. Ẹ kọ ọjọ́ sí ara gbogbo abọ́. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni fíríìjì lè pa àjẹkù mọ́. Ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ títí dìgbà náà, firísà ni. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó gbóná débi tí èéfín á máa yọ láti àárín rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n 74, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ sì gbé e kaná.

Egungun, èèpo kárọ́ọ̀tì àti ìdí àlùbọ́sà, ẹ máa kó wọn sínú ọ̀rá kan nínú firísà. Bó bá kún, ẹ sè é fún wákàtí bíi méjì, ẹ sẹ́ ẹ, omi ọbẹ̀ ti dé. Àmọ́ o, ìwọ̀n ló dára ju gbogbo ọgbọ́n àjẹkù lọ. Ẹ fi ife kan náà wọn ìrẹsì lójoojúmọ́, kí ẹ sì bu díẹ̀ sáwo. Ẹni tí kò bá yó, á tún bù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: èyí tí kò ṣeé jẹ

Èèpo àti ewé tó bá dé ààtàn á rà lábẹ́ òkìtì níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, á sì máa tú gáàsì methane jáde, èyí tó ń mú ayé móoru ju èéfín carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Bó bá rà níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ajílẹ̀ ló ń dà.

Ẹ wá garawa tàbí àpótí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lu. Ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta ohun gbígbẹ, bí ewé gbígbẹ, páálí tí a fà ya, ìyẹ̀fun igi, sí ìwọ̀n kan ohun tútù: èèpo èso, ewébẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Èèpo ẹyin náà wọ̀ ọ́, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹran, ẹja, epo àti mílíìkì kò wọ̀ ọ́, eku ló ń pè. Ẹ fi ohun gbígbẹ bo ohun tútù ní gbogbo ìgbà, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó yẹ kó rí bíi kànrìnkàn tí a ti fún omi rẹ̀. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù: ẹ fi páálí sí i. Bó bá wà bó ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti gbẹ jù tàbí ohun tútù ò tó. Oṣù díẹ̀ sí ọdún kan ló ń gbà. Ẹni tí kò ní àyè, kó wá ẹni tó ní ọgbà tó máa gba èèpo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí nǹkan pẹ́ lọ́wọ́

Aṣọ tuntun tó bá wọlé, kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fi òwú àti abẹ́rẹ́ kún ìdí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Síìpù tó ń há, ẹ fi àbẹ́là tàbí ẹnu pẹ́ńsùlù ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fà á lọ fà á bọ̀. Àtẹ́lẹ̀sẹ̀ bàtà tó ṣí kì í lẹ̀ dáadáa bí erùpẹ̀ àti gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá wà lára rẹ̀: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi bébà tó ń họ nǹkan ha ojú rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí méjèèjì, ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Ẹ wá fi okùn dì í pinpin di ọjọ́ kejì.

Fóònù tí iná rẹ̀ kì í dúró mọ́, bátìrì ni ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Bátìrì irú rẹ̀ á pẹ́ sí i bí ẹ kò bá máa jẹ́ kó tán pátápátá, tí ẹ kì í sì fi síbi tó gbóná.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wọ́n àti ohun tí kò wọ́n, ẹ fi iye ìgbà tí ẹ lò ó pín owó rẹ̀. Èyí ló máa ń jẹ́ ká rí i pé aṣọ tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ló wọ́n jù nínú àpótí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: omi àti iná

Ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń kán, ẹ gbé ife sábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ẹ bá bá ìdajì lítà, lítà 12 ló ń lọ lójúmọ́, ó lé ní 4,000 lọ́dún. Rọ́bà kékeré kan ló sábà máa ń fà á. Ní ti ṣáláńgá olómi, ẹ da àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa oúnjẹ láró sínú táǹkì rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 15; bí àwọ̀ náà bá yọ nínú ìjókòó rẹ̀, ó ń jò.

Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60, tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ń jẹ yúnítì 109 lọ́dún. Gílóòbù ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní LED, tó jẹ́ wáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ń jẹ 16. Ẹ dé ìkòkò tí ẹ bá ń sè nǹkan, ìwọ̀n omi tí ẹ máa lò ni kí ẹ gbé kaná, kí ẹ sì fi omi tútù fọṣọ, nítorí pé gbígbóná omi ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń lò. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, kí ẹ pa á dé. Bó bá yọ láìjà, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti gbó.

Ìgbésẹ̀ keje: ọṣẹ àti oògùn ìdọ̀tí

Oríṣi mẹ́wàá kò pọn dandan. Ọṣẹ olómi kan, fíníkà kan àti sódà tí wọ́n fi ń yan nǹkan ti tó fún iṣẹ́ ilé tó pọ̀ jù. Ẹ má po fíníkà àti sódà pa pọ̀ sínú ìgò láti fi pamọ́, bó ti wù kó hó tó: wọ́n á pa agbára ara wọn, omi oníyọ̀ ló máa kù. Bílíìṣì kò sì gbọ́dọ̀ kan fíníkà tàbí ammonia, ìyẹn kẹ́míkà kan tó wà nínú àwọn oògùn ìdọ̀tí kan, láé, torí pé gáàsì tó ń yọ níbẹ̀ lè pa èèyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ohun tó kù

Àtúnlò pàǹtí, ìyẹn kíkó o fún àwọn tó ń sọ ọ́ di nǹkan tuntun, ló gbẹ̀yìn torí pé kò lágbára tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Nínú gbogbo pàǹtí ike tí ayé dá sílẹ̀ títí di ọdún 2015, ìdá 9 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tún lò. Ike tó ní nọ́ńbà 1 tàbí 2 nínú àmì onígun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ ṣan oúnjẹ kúrò lára rẹ̀. Agolo àti irin máa ń rí olùrà, ẹ má fi wọ́n dà pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Ẹ má sun ike, èéfín rẹ̀ ní oró tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀yin àti aládùúgbò.

Bátìrì kì í wọ garawa pàǹtí, pàápàá irú ti fóònù, nítorí bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó lè gbiná. Ẹ fi téèpù bo ẹnu rẹ̀, ẹ fi sínú ìgò gbígbẹ títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ̀rọ tó ti kú, bí fóònù, rédíò àti kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ náà ni ó ń lọ. Kí ẹ tó fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ yọ káàdì inú rẹ̀, kí ẹ sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.